Ta Ló Ní Kí Ẹ Da Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Nù?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàárín wa tí kò yẹ kí alùfáà dákẹ́ sí. Ní Topo níbí àti káàkiri Badagry, àwọn kan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ta àgbo inú ìgò, wọ́n ń pè é ní ìwòsàn Ànábì. Títà tí wọ́n ń tà á kọ́ ni ẹjọ́ mi. Ẹjọ́ mi ni ohun tí wọ́n ń fi kún un: pé ẹni tó bá ti ra tiwọn, kó da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún un nù, nítorí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò pé bó bá ń lò ó. Irọ́ ni, wọ́n sì ń pa á mọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ mọ́ ọn, ó mọ ibi tí Ànábì ní ibùjókòó rẹ̀ yóò wà.

Wọ́n ní ìgbáralé Ọlọ́hun ti tó. Nínú hádíìsì Usamah ọmọ Sharik, tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá, àwọn ará oko bi Ànábì bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn. Ó ní kí wọ́n wá a, ó sì fi yé wọn pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun kò sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ogbó. Abu Dawud tún gba òmíràn wá, bí àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa: Sa'd ọmọ Abi Waqqas ń ṣàìsàn, Ànábì gbé ọwọ́ lé e láyà, ó ní ọkàn ló ń ṣe é, ó sì ní kó lọ bá Al-Harith ọmọ Kaladah, nítorí pé oníṣègùn ni. Ó júwe dàbínù Ajwah fún un pẹ̀lú. Méjèèjì ló so pọ̀. Ta wá ló kọ́ wa láti máa yà wọ́n?

Wọ́n ní ìmọ̀ òyìnbó ni. Ibn al-Nafis, tó kú ní Cairo ní 1288, onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ni, dókítà sì ni. Òun ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kì í gba ara ògiri àárín ọkàn kọjá, pé inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà kó tó dé apá òsì. Ó tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn ará Yúróòpù tó kọ irú rẹ̀ sínú ìwé.

Wọ́n ní àrùn arúgbó ni. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 wo aláìsàn 1,006 tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́, ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ orí wọn, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ ọdún 52. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á fún nǹkan bí ìdajì wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ọkàn á máa fi agbára ti ẹ̀jẹ̀, ẹran ara rẹ̀ á nípọn, á wá rẹ̀ ẹ́, omi á dúró sí ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀. Ẹni tó ní òun kò mọ nǹkan kan lára, òun gan-an ló yẹ kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.

Wọ́n ní oògùn wọn kò bá ara aláwọ̀ dúdú mu. Ní 2024, Dókítà Dike Ojji ti Fásitì Abuja àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde: oògùn mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, nínú hóró kan ṣoṣo. Ènìyàn 300 ní Nàìjíríà ni wọ́n fi dán an wò, ó sì mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ju ìtọ́jú tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Ara tiwa ni wọ́n fi dán an wò o!

Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni, pàápàá bí aboyún tàbí abiyamọ kò bá lè mí dáadáa tó bá dùbúlẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ní 2024 kan náà, Dókítà Demilade Adedinsewo ti Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà àti àwọn dókítà wa ṣàyẹ̀wò nǹkan bí 1,200 aboyún àti abiyamọ ní ilé ìwòsàn 6 ní Nàìjíríà. Wọ́n tọ́jú àwọn kan bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Fún àwọn yòókù, wọ́n lo ẹ̀rọ ìgbọ́yà tí kọ̀ǹpútà ń bá ka ìlù ọkàn. Ní apá kìíní, nǹkan bí 2 nínú 100 ni wọ́n rí tí ọkàn rẹ̀ ti dẹ̀. Ní apá kejì, nǹkan bí 4. Àwọn tó yẹ ní títọ́jú ni a ń gbé kiri ilé àwọn tó ń lé àǹjọ̀nú.

A kò kọ rúkíyà. A kò kọ oyin, a kò kọ híjáámà. Ṣe wọ́n, kí o sọ fún dókítà rẹ, kí o sì lo oògùn rẹ.

Àwa alùfáà náà ní ẹrù láti rù. Owó ẹ̀rọ BP kan kò tó owó àgbò Iléyá. Kí mọ́sáláṣí kọ̀ọ̀kan ra ọ̀kan, kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì máa yẹ àwọn èèyàn wò lẹ́yìn Jímọ̀. Ẹni tí kò rówó ra oògùn, kí a fi sàká àti sàráà ràn án lọ́wọ́. Kí ẹ̀yin ìyá dín iyọ̀ àti mágí ọbẹ̀ kù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún ní kí ẹ da oògùn nù ní orúkọ Ànábì, ẹ bi í pé: hádíìsì wo?

Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Suratul-Baqarah kí a fi ọwọ́ ara wa fa ìparun. Kí Ó fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì dá ẹ̀mí àwọn ìyá ọmọ wa sí. Àmín.