Wọ́n Ní Fáìlì Kékeré Ò Lè Gba Orin: Irọ́ Ni!

Ẹ bi àwọn tó ń fi orin sí mẹ́mọ́rì fún èèyàn ní Ìlerò, tàbí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Òkèhò àti Ìsẹ́yìn, ohun kan náà ni wọn yóò sọ: bí fáìlì bá ṣe tóbi tó ni orin inú rẹ̀ ṣe péye tó. Fún orin tí wọ́n kọ ní ṣítúdíò, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ yìí lé orin géèmù àtijọ́ lórí, ti Nintendo àti Sega oníkásẹ́ẹ̀tì tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ ló ti di irọ́.

Ẹ wo Super Mario Bros. tó jáde ní 1985. Mario fúnra rẹ̀, gbogbo ọ̀tá rẹ̀, gbogbo ìpele, àti gbogbo orin tí Koji Kondo ṣe sí i, kìlóbáìtì 40 péré ni. Ẹ wá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú orin yẹn sílẹ̀ ní MP3 oníkílóbíìtì 128: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́gábáìtì 3. Orin kan ṣoṣo ti ju odindi géèmù lọ ní ìlọ́po àádọ́rin! Bí fáìlì ńlá bá ni òótọ́, níbo ni Mario ti wá rí orin tó ń kọ?

Ẹ̀rọ géèmù yẹn kì í lu orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Ṣíìpù olóhùn márùn-ún ló wà nínú Nintendo, ètò inú kásẹ́ẹ̀tì ló sì ń pàṣẹ fún un: gbé ohùn yìí sókè, dá tọ̀hún dúró. Ètò tó ń pàṣẹ yẹn gan-an ni irú fáìlì kékeré tí à ń pè ní NSF yọ jáde. Fáìlì SPC ti Super Nintendo kó gbogbo mẹ́mọ́rì ṣíìpù ohùn tí Sony ṣe, kìlóbáìtì 64 àti díẹ̀. Fáìlì VGM tí wọ́n ń lò fún Sega ń kọ àṣẹ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò rẹ̀, ó sì pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 44,100. Onílù fúnra rẹ̀ lẹ gbé wálé yẹn, kì í ṣe tépù ìlù rẹ̀.

MP3 ló pàdánù jù. Orin géèmù kì í parí, ṣe ló ń yí po; MP3 gbọ́dọ̀ gé e níbì kan. Ẹ fẹ́ gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ nìkan? NSF á jẹ́ kí ẹ pa àwọn ìyókù lẹ́nu mọ́. Bí wáyà tí ẹ fi gba MP3 bá sì gbé ìkùn jẹnẹrétọ̀ wọlé, ó bá orin lọ nìyẹn. (WAV náà kò yàtọ̀, àfi pé ó tún sanra jù ú lọ.)

Ẹnìkan á ní fóònù òun kò ṣí NSF. Òótọ́ ni, ó nílò áàpù tó mọ ìṣe ṣíìpù náà, àwọn kan sì mọ̀ ọ́n ju àwọn mìíràn lọ. Ẹjọ́ áàpù nìyẹn. PlayStation ni mo yọ sílẹ̀: ọ̀pọ̀ géèmù rẹ̀ ló gbé orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sórí CD tààrà, níbẹ̀ ẹ̀yin onífáìlì ńlá jàre.

Ti oníkásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? NSF, SPC tàbí VGM ni kí ẹ fi pamọ́, kí ẹ ti inú rẹ̀ ṣe MP3 fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ sí fóònù. Kò sẹ́ni tó lè ti inú MP3 yọ NSF padà.