Ẹ Gbé Agolo Epo Yẹn Sílẹ̀

Kẹ̀kẹ́ dún kẹ̀ẹ̀, wọ́n ní epo ló ń wá. Ó dún kọ̀, epo náà ni. Ìjókòó ń ké, bíréèkì ń han, táyà ń ha férémù, epo ṣì ni. Mẹkáníìkì á nawọ́ mú agolo epo ẹ́ńjìnnì dúdú kirikiri tí wọ́n fà jáde lára ọkọ̀, á dà á yíká, á gba owó rẹ̀, ẹ óò sì máa dúpẹ́. Irọ́ ni o! Irọ́ tó ń ba kẹ̀kẹ́ jẹ́ ni, ó sì lè gbẹ̀mí ẹni tó ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́.

Mo mọ ibi tí irọ́ náà ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Ṣéènì tó gbẹ a máa ké fín-ín-fín-ín lóòótọ́, pàápàá lẹ́yìn òjò, epo díẹ̀ á sì pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn èèyàn wá sọ ìyẹn di òfin fún gbogbo irin tó wà lára kẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ariwo kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ti gbígbẹ rárá. Ohun tó tú, ohun tó jẹ, tàbí ohun tó sán ló ń dún.

Ẹ wo Raleigh àtijọ́, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham, tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko. Kọ́tà pín ló de apá pẹ́dàlì mọ́ ọ̀pá àárín: irin kékeré ni, wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan pẹrẹsẹ, nóòtù sì wà nídìí rẹ̀. Bó bá tú, kẹ̀kẹ́ á máa dún kọ̀, kọ̀, bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ da epo sí i, ó lè dákẹ́. Pín náà kò sinmi. Ó ń mì nínú ihò rẹ̀, ó ń jẹra, ó sì ń fẹ ihò apá náà lójú. Pín tuntun, òòlù tí a fi gbá a wọlé dáadáa, ká tó wá fún nóòtù rẹ̀, ìyẹn ni ìbá parí ọ̀rọ̀. (Ẹ má fi nóòtù fa pín wọlé o, ẹnu rẹ̀ á bó.) Àmọ́ a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá, títí tí odindi apá yóò fi di rírà.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí mo da epo sí i, ó sì dákẹ́." Mo gbà. Epo wọ àárín irin méjì tó ń ha ara wọn, ó dín ohùn wọn kù. Kò fún nóòtù kankan. Bí ó bá gbẹ, ariwo á padà, ohun tó tú á sì ti tú sí i.

Ibi tí inú ti ń bí mi jù ni bíréèkì. Bíréèkì ń han, ẹnì kan wá kán epo sí i! Rọ́bà tó yẹ kó di irin mú á máa yọ̀ bọ̀rọ́, kẹ̀kẹ́ ò ní dúró. Ti kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ onídíìsì tiẹ̀ burú jù, nítorí páàdì tó bá ti mu epo, àtirà tuntun ló sábà máa ń kù. Ti onírọ́bà, ẹ fọ etí irin tí rọ́bà ń dì mú, ẹ fi sáńdípépà ha ojú rọ́bà, kí ẹ sì tẹ iwájú rẹ̀ sínú díẹ̀ kó lè kọ́kọ́ kan irin. Ó tán.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ariwo ni ìgbà tó ń dún, nítorí ibi tó ti ń dún a máa tanni jẹ. Ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ṣófo, ohùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, débi pé ìjókòó tó tú lè máa dún bí ẹni pé abẹ́ ẹsẹ̀ ló wà. Lórí eré, ẹ dá ẹsẹ̀ dúró. Bó bá dákẹ́, ọ̀ràn wà lọ́dọ̀ pẹ́dàlì, apá rẹ̀, ọ̀pá àárín tàbí ṣéènì. Bí kò bá dákẹ́, ẹ wo táyà, sípóòkù àti bíréèkì. Ẹ dìde lórí ìjókòó; bó bá dákẹ́, abẹ́ ìjókòó ni kí sípánà lọ. Ẹ ka iye ìgbà tó ń dún pẹ̀lú. Bí eyín iwájú bá jẹ́ 48, tí tẹ̀yìn jẹ́ 18, ẹsẹ̀ á yí lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn á ti yí ju ẹ̀ẹ̀mejì àbọ̀ lọ. Ariwo tó ń wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú yíyí ẹsẹ̀ kan, kí ló kan táyà níbẹ̀?

Ṣéènì gan-an, tó jẹ́ ọmọ epo, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni epo ń wò ó sàn. Ẹ fi rúlà oníǹṣì 12 wọ̀n ọ́n. Bí pín kan bá wà lójú òdo, pín kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ bọ́ sójú 12 gẹ́ẹ́. Bó bá fi mìlímítà kan àbọ̀ kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá fi mẹ́ta kọjá, ó ṣeé ṣe kó ti jẹ eyín náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ fún un lépo, ẹ̀kán kan lójú kọ̀ọ̀kan tó, kí ẹ sì fi àkísà nu èyí tó ṣẹ́kù síta kúrò. Epo tó kù síta ló ń gbá eruku ọyẹ́ jọ, òun àti iyanrìn á sì máa lọ irin. Epo ẹ́ńjìnnì àlòkù tiẹ̀ ti kó èédú àti ìyẹ̀fun irin sínú kó tó dé ara kẹ̀kẹ́ yín.

Bí ẹ bá ti fún gbogbo nóòtù, tí ariwo kò lọ, ẹ nu gbogbo epo kúrò níbi tí ọ̀pá ti pàdé ọ̀pá, pàápàá lábẹ́ ọrùn kẹ̀kẹ́, kí ẹ wò ó dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Epo àti ìdọ̀tí ló ń bo ojú sísán mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ilà tín-ín-rín níbẹ̀, ẹ má gùn ún mọ́. Ẹ tì í délé.