Ẹ Má Pe Ebi Rẹ̀ Ní Wọ̀bìà

Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan ní Aramọkọ níbí, mo gbọ́ tí ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní iyán àjẹjù ló mú kí nǹkan oṣù ọmọ náà máa ṣe ségesège. Ó tún fi ẹ̀kọ́ Ànábì lórí àjẹjù kún un. Ọmọ náà wolẹ̀, kò fèsì. Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n irun tó ń hù lágbọ̀n rẹ̀ àti ìrorẹ́ ojú rẹ̀ kọ mí lóminú.

Ohun tí mo fura sí ni àìsàn tí wọ́n ń pè ní PCOS. Bí obìnrin 1 nínú 10 tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ló ní i, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀.

Ebi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà nìkan. Ikùn ń tú họ́mọ́ọ̀nù kan jáde, ghrelin, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan rí ní 1999. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé àsìkò oúnjẹ tó. Bí a bá jẹun tán, ó yẹ kó wálẹ̀. Ọ̀rá ara náà ń tú leptin jáde, tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà ní 1994, láti sọ pé ó tó. Lára àwọn obìnrin kan tó ní PCOS, ghrelin kì í wálẹ̀ tó bó ṣe yẹ lẹ́yìn oúnjẹ. Leptin wọn lè pọ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò fetí sí i mọ́. Ẹ lè jọ jẹ iyán kan náà tán, kí ara tirẹ̀ ṣì máa sọ pé òun ò tíì yó.

Ìnsúlínì tún dá kún un. Ara wọn kì í gbọ́ tirẹ̀ dáadáa, nítorí náà ara ń ṣe púpọ̀ sí i. Àpọ̀jù yìí ló ń ti ilé ẹyin láti ṣe họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin ju bó ti yẹ lọ. Ibẹ̀ ni irun àgbọ̀n àti nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège ti ń wá. (Àwọn tó tín-ínrín náà ń ní i o.)

Mi ò sọ pé kí ọmọ máa jẹ àjẹkì. Bí ẹni tó sanra, tó wọn kílò 80, bá dín kílò 4 péré kù, ó lè mú kí nǹkan oṣù rẹ̀ tò. Ṣùgbọ́n èébú kì í mú ghrelin wálẹ̀. Ìlànà àgbáyé tó jáde lórí PCOS ní 2023 kìlọ̀ fún àwọn dókítà fúnra wọn nípa dídójú ti obìnrin nítorí sísanra. Ìyá wá ńkọ́? Kí gbogbo ilé jọ dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ sí i, kí ẹ jọ máa rìn. Ẹ má gbé abọ́ tirẹ̀ nìkan kúrò.

Bí nǹkan oṣù kò bá wá fún oṣù mẹ́ta, tí kì í ṣe oyún, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì tàbí ti ìpínlẹ̀ ní Adó, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, tí ẹ fi ń bi àwọn alfa bóyá ó lè kírun, dókítà náà ní ìdáhùn tirẹ̀. Ọwọ́ dókítà ni kí oògùn sì ti wá, kì í ṣe àgbo tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò.

Mo ti bá ìyá náà sọ̀rọ̀. Ó ní owó ló ń ba òun lẹ́rù, mo sì gbà á gbọ́. A ti fi ọjọ́ sí i.