Kí Oṣù Tó Wọlé: Ètò Owó fún Géèmù àti Orin

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ sọ kò jẹ mọ́ ọbẹ̀, kò sì jẹ mọ́ aṣọ. Ọ̀rọ̀ géèmù ni, àti ọ̀rọ̀ orin tí ó máa ń wà nínú géèmù àti fíìmù. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Owó ni a fẹ́ sọ, ibi tí ọ̀rọ̀ owó bá sì ti dé, ọ̀rọ̀ àgbà ti dé ibẹ̀.

Ìkìrun ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màámi ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ìníṣà. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní ọdún kejì ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà ní Òkukù. Ojú ọ̀nà kan náà ni ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, nítorí náà ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀kan kì í pẹ́ dé etí èkejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní ìparí oṣù tó kọjá, àbúrò mi wọlé tọ̀ mí wá. Kò béèrè oúnjẹ, kò sì tan tẹlifíṣàn. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú." Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màámi ti fún un ní 38,000 náírà kí ó fi san ìyókù owó ilé tí ó ń gbé. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gbé ní PlayStation 4 àlòkù kan tí wọ́n jọ dáwó rà. Géèmù bọ́ọ̀lù tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ojú gbogbo wọn sì wà lára rẹ̀. Ẹnì kan tí ó bá pàdé lórí fóònù ní òun yóò ta kóòdù géèmù náà fún un ní iye owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó san án. Nígbà tí ó tẹ kóòdù náà sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ fèsì pé ẹlòmíràn ti lò ó. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó tà á kò gbé fóònù mọ́. Màámi sì ń retí rìsíìtì owó ilé.

N kò pariwo lé e lórí. Kì í ṣe pé inú kò bí mi. Ohun tí ó pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni èmi fúnra mi rí i nínú àkọsílẹ̀ báńkì mi pé mo ti ń san owó orin lóṣooṣù fún ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún oṣù méje. Mo fẹ́ràn orin inú fíìmù púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo ń lò. Mo ti gbàgbé èkejì pátápátá. Owó àbúrò mi lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tèmi ń jò díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kàn dúró de rìsíìtì lọ́wọ́ tèmi ni. Mo bá mú ìwé àti bíírò, mo ní kí ó jókòó, kí a jọ ṣe ìṣirò oṣù tí ń bọ̀. Ohun tí a rí nínú ìṣirò náà ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Iye owó tí a kì í kọ sára ọjà

Géèmù ńlá tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún PlayStation 5 tàbí Xbox sábà máa ń jẹ́ 70 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, 105,000 náírà ni. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ilẹ̀ wa fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ìyẹn ni pé géèmù kan ṣoṣo ju gbogbo làálàá òṣìṣẹ́ kan fún odidi oṣù lọ. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yìí yóò mọ̀ pé ẹni tí ó ń ta géèmù tuntun ní ìdajì owó tàbí kí ó kéré sí ìdajì, ní ọ̀sẹ̀ tí ó jáde, ní ọ̀rọ̀ láti ṣàlàyé.

Kí ló dé tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń rà lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀? Ìdí wà níbẹ̀. Ìsọ̀ PlayStation tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ẹ̀ka ti Nàìjíríà. Nítorí náà, àwọn tí ń lò ó níhìn-ín máa ń forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tí ń gbé Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn á sì wá káàdì ẹ̀bùn rà. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì wa dín ohun tí a lè fi káàdì náírà rà lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù. Bí ọ̀nà tààrà ti há mọ́ wọn lọ́wọ́, alágbàtà wọlé, gbájúẹ̀ sì tẹ̀lé alágbàtà wọlé. Bí o bá gbọ́dọ̀ ra káàdì, ra á ní ìsọ̀ tí o lè fi ẹsẹ̀ rìn padà lọ, kí o sì rí i pé orílẹ̀-èdè tí a kọ sára káàdì náà ni ìwọ náà fi forúkọ sílẹ̀. Káàdì Amẹ́ríkà kò ní ṣiṣẹ́ fún orúkọ tí a fi sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn owó géèmù, dátà ń bẹ. Géèmù ńlá òde òní lè tó 50 gígábáìtì, òmíràn sì ju 100 lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà. Ẹni tí kò bá fi dátà kún ìṣirò rẹ̀ yóò ra géèmù tán, kò sì ní rí i gbé sórí ẹ̀rọ. Iná náà ń bẹ. Bí iná kò bá sí, epo jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ̀yin náà sì mọ iye tí wọ́n ń ta lítà epo kan.

Nítorí èyí ni mo ṣe sọ fún àbúrò mi pé àwo sàn fún un ju kóòdù lọ. Kóòdù tí a bá ti lò ti parí sí ibi tí a lò ó. Ṣùgbọ́n àwo tí a bá gbá tán, a lè tà á, a lè yá ọ̀rẹ́, a lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Owó tí a fi rà á kò tíì kú. Kí ẹni tí ó bá ń ronú àtira PlayStation 5 fi èyí sọ́kàn: oríṣi kan wà tí kò ní ihò àwo. Ó lè dín owó díẹ̀ lójú ìsọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rà á ti ti ilẹ̀kùn ọjà àlòkù mọ́ ara rẹ̀ nìyẹn, àfi bí ó bá tún ra ẹ̀rọ tí ń ka àwo kún un.

Sùúrù náà jẹ́ owó. Géèmù bọ́ọ̀lù tí a mọ̀ sí FIFA, tí ó di EA Sports FC ní ọdún 2023, máa ń jáde lọ́dọọdún ní àsìkò oṣù Kẹsàn-án. Kí òmíràn tó dé, owó ti ọdún tó kọjá ti máa ń já wálẹ̀. Pápá kan náà ni, bọ́ọ̀lù kan náà ni. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹni tí ó rà á ní ọjọ́ kìíní sanwó fún ni pé kí òun kọ́kọ́ ní in. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnìún. Ẹni tí kò bá sì lówó rárá lè gbá eFootball, tí ó di ọ̀fẹ́ láti ọdún 2021. Kí ó kàn ṣọ́ra fún ọjà tí wọ́n ń pàtẹ sínú rẹ̀.

Orin ńkọ́?

Ibi orin ni èmi àti àbúrò mi ti pàdé, nítorí òun fẹ́ràn orin inú géèmù, èmi sì fẹ́ràn ti fíìmù. Àwa Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé orin lè gbé eré ró. Ẹni tí ó bá wo Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 1999 lè gbàgbé ohun tí àwọn òṣèré sọ, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé orin rẹ̀. Géèmù náà ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 2005, Christopher Tin kọ "Baba Yetu" fún géèmù Civilization IV. Àdúrà Olúwa ni, ní èdè Swahili. Ní ọdún 2011, òun ni orin géèmù àkọ́kọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy, èdè ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Nínú FIFA 21, tí ó jáde ní ọdún 2020, orin Fireboy DML, ẹni tí ó ka ìwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wà lára àwọn orin tí wọ́n ń lù.

Èyí tí ó wù mí jù ni Iwájú, eré aláwòrán tí Disney àti ilé-iṣẹ́ Kugali gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, tí ó sọ ìtàn Èkó ọjọ́ ọ̀la. Ré Olunuga ni ó ṣe orin inú rẹ̀. Maliyo Games, ilé-iṣẹ́ géèmù ní Èkó, ni ó ṣe géèmù tí ó bá a rìn, èyí tí a ti ń se oúnjẹ ilẹ̀ wa fún àwọn oníbàárà. Orí fóònù ni wọ́n gbé e sí, wọn kò sì gba owó kí a tó gbá a. Ẹ rí i pé géèmù àti orin tí ó jẹ́ tiwa lè wà lọ́wọ́ ẹni láìná ẹgbẹ̀rún kan.

Ìlànà tí mo fi lélẹ̀ fún ara mi nípa orin kò le. Ibì kan ṣoṣo ni n óò máa sanwó orin sí lóṣù. Bí mo bá fẹ́ ra odidi àwo orin kan kí ó di tèmi, n óò kọ́kọ́ fi oṣù kan gbọ́ ọ. Bí oṣù bá parí tí mo ṣì ń wá a, mo rà á. Ìkejì tí mo gbàgbé yẹn, mo ti pa á rẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ètò oṣù kan

Ohun tí ó ń wọlé fún àbúrò mi lóṣù jẹ́ 40,000 náírà: 30,000 láti ọ̀dọ̀ Màámi àti èmi, 10,000 láti inú ìṣirò tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lẹ́yìn ilé-ìwé. Ẹ̀lùbọ́ àti gààrí ń ti ilé lọ. Báyìí ni a ṣe pín in: oúnjẹ, 20,000, ọkọ̀, 4,000, dátà, 4,000, ìwé, 3,000, gbèsè, 5,000, ìgbádùn, 4,000. Gbèsè tí mo wí yẹn ni 38,000 tí mo yá a kí ó fi san owó ilé. Oṣù mẹ́jọ ni yóò fi san án padà. N kò fi ta á lọ́rẹ, nítorí ohun tí a bá fi ta ọmọdé lọ́rẹ lẹ́yìn àṣìṣe kì í jẹ́ kí ó rí ojú àṣìṣe náà dáadáa.

Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi ìgbádùn sínú ìṣirò ẹni tí ó jẹ gbèsè. Mo ní bí a kò bá fún un ní àyè tirẹ̀, yóò tún lọ jẹ nínú owó ilé. Kí á mọ iye rẹ̀ kí oṣù tó wọlé, kí ó má sì kọjá ibẹ̀.

Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wá sọ ọ́ di àjọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan dá 4,000, ó di 16,000, wọ́n sì ra àwo àlòkù ti ọdún tó kọjá ní Òṣogbo. Wọ́n kọ ìwé kékeré kan sí i: àwo náà jẹ́ ti gbogbo wọn, bí wọ́n bá tà á, owó rẹ̀ yóò padà sínú àjọ, ẹni tí ó bá fọ́ ọ ni yóò rà á padà, oṣù ìdánwò, a kì í ra nǹkan kan, owó oṣù náà á lọ sínú kóló. Mo gba ẹ̀yin náà níyànjú pé kí ẹ kọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí kò bá kọ nǹkan sílẹ̀ lè di ọ̀tá mẹ́rin nítorí àwo kan.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò bá a ṣe. Mo ní kí ó lọ sọ fún Màámi fúnra rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìníṣà ní ọjọ́ Sátidé, ó jókòó ti Màámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ẹ̀lùbọ́, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó ní Màámi kò bínú. Wọ́n ń wọn ẹ̀lùbọ́ lọ, wọ́n sì bi í pé, "Ṣé eré náà dùn tó bẹ́ẹ̀?" Kò mọ ohun tí yóò sọ, nítorí kò tilẹ̀ rí i gbá.

Kí oṣù tuntun tó wọlé, ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ ohun tí ó ń wọlé, ẹ kọ ohun tí kò ṣeé yẹ̀, kí ẹ sì kọ iye tí ìgbádùn yín yóò jẹ. Ẹ wo àkọsílẹ̀ báńkì yín bóyá ohun kan ń jò níbẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.