Kì Í Ṣe Ọ̀pá Ló Ń Ba Ohùn Gìtá Jẹ́

Ó ti di òfin láàárín àwa onígìtá pé gìtá iná tó bá ní ọ̀pá tremolo kò lè dúró lóhùn, àfi tí bíríìjì rẹ̀, ìyẹn irin tó di okùn mú lára gìtá, bá jẹ́ Floyd Rose, èyí tó máa ń ti okùn pa. Ọ̀gá á sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ náà á di ọ̀gá, á sì tún un sọ. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ló ti yọ ọ̀pá kúrò lára gìtá Stratocaster wọn, tí wọ́n fi pákó há bíríìjì mọ́lẹ̀ kó má baà mira mọ́. Àwọn mìíràn gbẹ́ inú gìtá tó dára kí wọ́n lè ki Floyd Rose bọ̀ ọ́. Irọ́ ni òfin náà. Ó ń ná wa lówó, ó sì ń gba ohùn kan lẹ́nu gìtá wa.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Tí a bá tẹ ọ̀pá sílẹ̀, bíríìjì á tẹ̀ síwájú, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á dẹ̀, ohùn á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n apá okùn kan wà tí a kì í sábà rò: èyí tó wà láàárín kọ́kọ́rọ́ orí gìtá àti nut, ìyẹn egungun tẹ́ẹ́rẹ́ onílà mẹ́fà tó jókòó sí ìparí ọrùn. Apá yẹn ṣì le nígbà tí èyí tó kù ti dẹ̀, nítorí náà ó máa ń fa okùn díẹ̀ gba inú ilà nut kọjá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Tí a bá fi ọ̀pá sílẹ̀, díẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti wá. Tí ilà náà bá fún jù, tàbí tí inú rẹ̀ kò dán, okùn á há síbẹ̀. Á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ á sì ga.

Ẹ dán an wò lára gìtá tiyín. Ẹ tún ohùn rẹ̀ ṣe dáadáa, ẹ tẹ ọ̀pá sílẹ̀ pátápátá, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá wo tíúnà. Lọ́pọ̀ ìgbà, okùn kan tàbí méjì péré ni yóò ti ga sókè, G ló sì sábà máa ń jẹ́ olórí wọn. Wàyí o, bíríìjì kan ṣoṣo ló di okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú. Tó bá jẹ́ pé òun ni kò padà sí àyè rẹ̀, gbogbo okùn ni ì bá yẹ̀ pa pọ̀, sí ọ̀nà kan náà. Báwo ni bíríìjì ṣe máa ṣẹ okùn kan, kó sì dá márùn-ún sí? Ẹ wá ti okùn G yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ dáadáa bí ẹni fẹ́ mú un sunkún, kí ẹ fi í sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, nítorí títì yẹn ti fa ohun tó há jáde nínú nut. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Èéṣe tí a fi ń gé ọ̀pá?

Ẹ̀rí tó tún lágbára ju èyí lọ wà lára Gibson Les Paul, gìtá tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò ní ọ̀pá rárá. Ta ni nínú àwọn tó ń lò ó tí kò mọ wàhálà okùn G rẹ̀? Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà lápá ọ̀tún orí gìtá náà, mẹ́ta lápá òsì, nítorí náà okùn D àti G máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn nut kí wọ́n tó dé kọ́kọ́rọ́ wọn. Níbi tí wọ́n ti yà yẹn ni wọ́n ti ń há. Kò sí ọ̀pá níbẹ̀, kò sí sípíríǹgì, síbẹ̀ ohùn ń yẹ̀.

Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní orísun. Ọ̀pá Vibrola tí Doc Kauffman ṣe, tó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1932, kì í dúró lóhùn. Irú rẹ̀ wà lára gìtá onígìtá kan, Merle Travis, ó sì bẹ Paul Bigsby, tó mọ iṣẹ́ irin, pé kó bá òun tún un ṣe. Dípò àtúnṣe, Bigsby ṣe tirẹ̀ tuntun, èyí tí sípíríǹgì kan ṣoṣo wà lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Ní 1954, Leo Fender gbé Stratocaster jáde: bíríìjì tó dúró lórí síkúrúù mẹ́fà, tí irin wúwo so mọ́ lábẹ́, tí sípíríǹgì tó tó márùn-ún ń fà láti ẹ̀yìn. Okùn ń fà síwájú, sípíríǹgì ń fà sẹ́yìn, bí ẹgbẹ́ méjì tó ń fa okùn tí agbára wọn dọ́gba. Tí ìnípọn okùn náà bá jẹ́ 10 sí 46, agbára tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fi fà súnmọ́ kílò 45. Èrò inú ẹ̀rọ yìí dára tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé orí rẹ̀ ni Floyd Rose pàápàá kọ́ tirẹ̀ lé.

Floyd Rose fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ràn jù. Onígìtá ni, ohùn Stratocaster rẹ̀ ń yẹ̀, ó sì jókòó láti wá ẹni tó jẹ̀bi. Níbo ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ní àwọn ọdún 1970? Nut ni! Ó ṣe irin tó ń di okùn mú gírígírí níbẹ̀, kó má baà sí ohun tó ń lọ tàbí tó ń bọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó wá ṣe bíríìjì tó dúró lórí ojú abẹ méjì, tó ń ti okùn lápá ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì jáde ní 1979. Ẹni tí a fi ń búra lòdì sí bíríìjì Fender mọ ibi tí àìsàn wà.

Àwọn tó ń lo orúkọ onígìtá Eddie Van Halen láti fi ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn tún kù díẹ̀ káàtó. Òótọ́ ni pé Floyd Rose ló lò nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, Van Halen, èyí tó jáde ní 1978, tí "Eruption" wà nínú rẹ̀, bíríìjì irú ti Fender tí kò ní títì kankan ló wà lára gìtá tó fi ṣe é. Ó ń fi òróró sínú ilà nut, ó sì ń rí i pé okùn lọ tààrà láti nut dé kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń tẹ ọ̀pá yẹn wọlẹ̀ nínú orin náà, kí ẹ wá sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Jeff Beck ńkọ́? Nínú "Where Were You", ní 1989, ọ̀pá ló fi ń wá ohùn orin náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí akọrin ṣe ń fi ọ̀fun wá a, lórí Stratocaster. Ní 1985 sì ni Paul Reed Smith bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá tó ní ọ̀pá, tí kò ti okùn ní nut: nut tó ń yọ̀, kọ́kọ́rọ́ tó ń di okùn mú láìjẹ́ pé a wé e lọ́pọ̀ ìgbà. Ó tó.

Èmi kò kórìíra Floyd Rose. Ẹni tó bá fẹ́ kí okùn dẹ̀ títí tí yóò fi máa gbá ara gìtá, tó sì fẹ́ kó padà wá lóhùn nígbà ọgọ́rùn-ún lálẹ́ kan, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀. Ohun tí mo ń bá jà ni pé kí a máa tà á fún ẹni tó kàn fẹ́ mi ohùn díẹ̀ lópin orin ìyìn. Tí okùn kan bá já lórí bíríìjì tó léfòó bíi tirẹ̀, agbára ẹgbẹ́ okùn dín kù, sípíríǹgì á borí, okùn márùn-ún tó kù á ga kúrò lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Níwájú ìjọ tàbí lóde ìnáwó, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Tí olórin bá ní kí ẹ sọ E ìsàlẹ̀ di D, ẹ ó kọ́kọ́ wá kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà láti ṣí nut, lẹ́yìn náà àwọn okùn tó kù á tún yẹ̀. Ojú abẹ náà a máa kú, tó bá sì ti kú, Floyd Rose yín kò ní padà sí àyè rẹ̀ mọ́.

Ìwà àìmọ̀ kan náà ni a hù sí Jazzmaster, gìtá mìíràn tó ní ọ̀pá, tí Fender ṣe ní 1958. Wọ́n ní okùn máa ń fò kúrò lórí bíríìjì rẹ̀. Ó ń fò lóòótọ́, nítorí pé okùn nípọn nígbà tí wọ́n ṣe é, ìnípọn yẹn ló ń tẹ bíríìjì mọ́lẹ̀. A fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ òde òní sí i, a wá ń bú ẹni tó ṣe é.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé gìtá lọ fún ẹni tó máa gbẹ́ ẹ, ẹ tú okùn, kí ẹ fi dúdú inú pẹ́ńsù kun ilà nut. Ẹ má wé okùn ju ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ mọ́ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fa okùn tuntun dáadáa títí tí kò fi ní gùn mọ́. Ẹ wo àwọn irin kékeré tó ń tẹ okùn mọ́ orí gìtá, òróró díẹ̀ tọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. Lára Stratocaster onísíkúrúù mẹ́fà, ẹ má dè wọ́n pa. Ẹ jẹ́ kí méjì tó wà létí ṣiṣẹ́, kí ẹ tú mẹ́rin àárín sílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún sípíríǹgì ṣe títí ẹ̀yìn bíríìjì yóò fi ga tó mílímítà 3 sí ara gìtá. Ẹ tẹ ọ̀pá, ẹ wo tíúnà. Tí okùn kan bá ṣì ń ga, iṣẹ́ ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ilà yẹn nìkan ló kù, kì í ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà.