Ọ̀nà Méjì Lórí Afárá Kan

Ọjọ́ 9 Oṣù Karùn-ún 2015 ni bàálù ológun kan tí wọ́n ń pè ní A400M gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú San Pablo, nílùú Seville, lórílẹ̀-èdè Spéènì. Bàálù tuntun ni. Airbus ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ó pọ̀ tán fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Túrkì ni, wọ́n sì fẹ́ dán an wò lójú sánmà fún ìgbà àkọ́kọ́. Èèyàn mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní. Bó ṣe kúrò nílẹ̀, mẹ́ta nínú àwọn ẹ́ńjìnnì náà kọ etí ikún sí awakọ̀. Agbára ńlá tí wọ́n fi gbéra ni wọ́n dì mú, wọn ò dín in kù. Àwọn awakọ̀ fa ọ̀pá agbára sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta náà bá rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tí wọ́n tún ní kí wọ́n sọ agbára jí, kò sí èyí tó dáhùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàálù náà já sínú oko kan nítòsí pápákọ̀ yẹn. Èèyàn mẹ́rin kú. Àwọn méjì tó yè é fara pa yánnayànna.

Epo kò tán nínú táǹkì. Irin kankan kò dá. Ohun tó sọnù kò ju nọ́ńbà lọ.

Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan nínú bàálù yẹn ló ní àkójọ nọ́ńbà tirẹ̀, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi ń túmọ̀ ohun tí ẹ̀rọ ìwọnpá ń sọ fún un, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fi agbára tó yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀. Wọ́n ṣèèṣì pa nọ́ńbà wọ̀nyí rẹ́ nígbà tí wọ́n ń fi sọ́fítíwíà sínú àwọn ẹ́ńjìnnì náà. Kọ̀ǹpútà ń gbọ́ ohùn, kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí kò bá sì ti mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń lo agbára sí, báwo ni yóò ṣe wọn epo fún un?

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí yóò béèrè pé adelé ńkọ́. Ó wà. Irú kọ̀ǹpútà tó ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì bàálù lóde òní, tí wọ́n ń pè ní FADEC, apá méjì ló máa ń ní. Bí apá kan bá ṣàìsàn, èkejì á gorí àga lójú ẹsẹ̀, awakọ̀ lè má tilẹ̀ fura. Ètò tó dára ni, ó sì ti yọ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ewu. Ní Seville, adelé kò gba ẹnikẹ́ni là, torí pé nọ́ńbà tí olórí nílò ni òun náà nílò. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà méjì bá jọ ń gba orí afárá kan ṣoṣo kọjá, ọjọ́ tí afárá bá já la ó mọ̀ pé ọ̀nà kan la ní látọjọ́ yìí. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ méjì lẹ́yìnkùlé, tí méjèèjì ń fa dísẹ́ẹ̀lì látinú táǹkì kan náà, kò nílò àlàyé. Omi wọ táǹkì, ilé ṣókùnkùn.

Ìdájọ́ ilé ìròyìn yìí nìyí: ètò adelé tó bá ń jẹun nínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú olórí, kí aláṣẹ òfuurufú kankan má kà á sí adelé mọ́, ì báà ṣe fáìlì kan ni wọ́n jọ ń kà, ì báà ṣe wáyà kan ni iná wọn ń gbà, ì báà sì ṣe páìpù kan.

Ohun tó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ Seville kì í ṣe pé nọ́ńbà sọnù. Ọmọ èèyàn ni yóò máa fi ọwọ́ gbé sọ́fítíwíà wọ inú ẹ̀rọ, ọwọ́ yóò sì máa ṣìṣe. Ìkìlọ̀ tó pẹ́ ló dùn wá. Ilé ìròyìn Reuters ló gbé e jáde ní Oṣù Kẹfà ọdún yẹn pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀rọ náà, ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí awakọ̀ máa rí kò ní í yọjú àfi ìgbà tí bàálù bá ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 400, nǹkan bíi mítà 120. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀rọ yìí dúró kí igi wọ ojú tán kó tó pariwo. Nígbà tó di 2017, Reuters tún ròyìn látinú ìwádìí àwọn ará Spéènì pé láti Oṣù Kẹwàá 2014 ni Airbus àti àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì ti mọ̀ pé bí wọn ò bá fi sọ́fítíwíà sí i dáadáa, nọ́ńbà lè sọnù. Oṣù méje gbáko. Kí ni wọ́n ń dúró dè?

A lè rí ẹni tó máa mú ọ̀rọ̀ Chinook ZD576 wá síbí, hẹlikọ́pítà tó forí sọ òkè ní Mull of Kintyre, ní Skọ́tíláǹdì, lọ́jọ́ 2 Oṣù Kẹfà 1994, tí èèyàn 29 sì kú. Ọ̀pọ̀ ló ti fura sí sọ́fítíwíà tó ń wọn epo rẹ̀. Awakọ̀ méjèèjì ni wọ́n dá lẹ́bi, ó sì di 2011 kí wọ́n tó yọ orúkọ wọn kúrò nínú ẹ̀bi náà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé sọ́fítíwíà ló ṣe é, nítorí náà a ò ní í fi kún ẹ̀rí wa.

Ẹ wá wo adelé tó jẹ́ adelé. Bàálù Cessna Caravan, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní. Àwọn tó bá ti gba Wilson Airport ní Nàìróbì lọ wo ẹranko ní Maasai Mara á ti rí i dáadáa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, PT6A tí Pratt & Whitney Canada ń ṣe, kì í fi kọ̀ǹpútà wọn epo. Atẹ́gùn ló fi ń wọ̀n ọ́n. Lára atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ti fún pọ̀ nínú ara rẹ̀ máa ń gba páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sínú ẹ̀rọ ìwọnpo, níbi tí ẹwìrì onírin kékeré kan wà. Bí atẹ́gùn bá ti tẹ ẹwìrì yìí tó ni ẹnu ọ̀nà epo ṣe ń ṣí tó. Ẹ jẹ́ kí páìpù yẹn sán, tàbí kí ẹwìrì náà jò: epo á lọ sílẹ̀ dé ibi tó kéré jù, ẹ́ńjìnnì ò ní í kú, ṣùgbọ́n kò ní í lè gbé bàálù mọ́. Awakọ̀ á máa ti ọ̀pá agbára, bí ìgbà tí èèyàn ń bu omi sínú agbọ̀n ni.

Nítorí ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe fi ọ̀pá kejì sí i, tí Cessna ń pè ní Emergency Power Lever. Irú rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ Pilatus PC-12 náà. Ọ̀pá yìí ò bẹ atẹ́gùn fún ohunkóhun. Irin ló ń ti irin, títí tó fi kan ẹnu ọ̀nà epo fúnra rẹ̀. Wọ́n fi wáyà bàbà tín-ín-rín kan so ó mọ́ ibi tó yẹ kó wà. Bí ẹnikẹ́ni bá tì í, wáyà á já, mẹkáníìkì tó bá dé lẹ́yìn á sì mọ̀ pé ọwọ́ ti kàn án. A fẹ́ràn wáyà yẹn ju gbogbo ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí lọ: kò lè gba ẹnikẹ́ni là, àmọ́ kò ní í purọ́.

A kì í ṣe ọlọ́jọ́ àtijọ́. Ọ̀pá kejì yẹn ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Kò mọ ìwà tútù: ẹ́ńjìnnì lè fò sókè kíákíá ju bí awakọ̀ ṣe rò lọ, kò sì sí ohun tó ń ṣọ́ ọ kí iná inú rẹ̀ má bàa gbóná kọjá ààlà. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ síwájú kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì, epo á ya wọlé, inú ẹ́ńjìnnì á jóná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì rárá. Bí ẹ̀rọ tó ń fa epo bá sì bàjẹ́, kò ní ìwúlò kankan. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe irú àṣìṣe wọ̀nyí. Láti 1984 tí ẹ́ńjìnnì PW2037 ti gbé FADEC wọ inú Boeing 757, wọ́n ti gba iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, àwọn arìnrìn-àjò ló jèrè rẹ̀. A ò ní kí ẹnikẹ́ni tú kọ̀ǹpútà dà nù.

Òfin wo ló wà nílẹ̀? ICAO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òfuurufú, tí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, ti kọ ọ́ sínú Annex 6 pé bàálù ẹlẹ́ńjìnnì tọ́báìnì kan ṣoṣo tó bá fẹ́ gbé èrò lóru tàbí nínú ìkùukùu gbọ́dọ̀ ní ohun èlò pàjáwìrì tí awakọ̀ máa fi darí agbára ẹ́ńjìnnì dé ilẹ̀, bí ẹ̀rọ ìwọnpo bá bàjẹ́ lọ́nà tí ọgbọ́n lè retí. Òfin tó dára ni. Àwọn ará Yúróòpù pàápàá, tó ti pẹ́ tí wọ́n ń kọ̀ fún irú bàálù bẹ́ẹ̀, gbà á láàyè ní 2017.

Ibi tó kù sí ni gbólóhùn yẹn, "ọgbọ́n lè retí." Ọgbọ́n ta ni? Àwọn tó mọ̀ ní Oṣù Kẹwàá 2014 pé nọ́ńbà lè sọnù, ṣé wọn ò retí rẹ̀ ni?

Nítorí náà, a ní kí NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, kó tó fọwọ́ sí i pé kí bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan máa gbé èrò lóru ní Nàìjíríà, béèrè fún àwòrán tó fi hàn, láti orí wáyà dé orí fáìlì, ibi gbogbo tí olórí àti adelé ti pàdé. Kí bàálù tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá pé má lè tàn rárá, kó sọ ọ́ sókè nígbà tí táyà rẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀. Kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lo adelé yìí nínú ẹ̀rọ ìdánrawò, ní ìgbà tí wọn ò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí kò bá lè fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn, kó máa gbé èrò rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí awakọ̀ lè rí ilẹ̀ tó máa já sí.