Ọjọ́ Wo Ni Ọmọ Ọjà Yóò Ráyè Rí Nọ́ọ̀sì?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, wúyẹ́wúyẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ọ̀rọ̀ oṣù yìí. Àwọn ọmọbìnrin láti abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ń wọ ìgboro wá ṣiṣẹ́. Wọ́n ń bá èèyàn tajà ní Bódìjà àti Gbági, wọ́n ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Òjóò àti Mọníyà. Àwọn kan ti lọ́kọ, ọkọ wà lóko tàbí l'Ékòó. Àwọn kan kò tíì lọ́kọ. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwa apoògùn, wọ́n á dúró kí ènìyàn tán kí wọ́n tó béèrè ohun tí wọ́n lè lò kí oyún má bàa dé.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti mu omi iyọ̀, wọ́n ti po ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ káún, wọ́n ti gbé Ampiclox mì. Kò sí ọ̀kan tó ń dènà oyún nínú wọn. Kòkòrò ni Ampiclox ń pa, kò mọ nǹkan kan nípa oyún. Postinor ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá lò ó láàárín wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó, ṣùgbọ́n ọjọ́ pàjáwìrì ni wọ́n ṣe é fún. Kì í sì í ṣẹ́ oyún tó ti dúró. Ẹni tó ń lo rifampicin fún ikọ́ ife gbọ́dọ̀ sọ fún wa, torí oògùn yẹn ń dín agbára Postinor àti ti oníkóró ojoojúmọ́ kù.

Ohun tó yẹ irú àwọn ọmọ yìí ni abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta, tàbí èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá fún ọdún 3 sí 5. Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ wọ́n di ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì máa ń gba owó ìbọ̀wọ́ àti òwú. Àyè àtilọ ni kò sí. Ọmọ ọjà ń ṣí ìsọ̀ láàárọ̀, ó ń tì í lẹ́yìn Mọ̀gáríbì. Ọjọ́ Àìkú tó ń sinmi, ilé ìwòsàn ti wà ní títì. Ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí kò lọ́kọ àmọ́ tí wọ́n ń bá ọkùnrin lò, 48 ni kò fẹ́ oyún tí wọn kò sì lo ohunkóhun.

Ẹni tó bá sì ráyè dé ibẹ̀, wọ́n á ní kó lọ mú ọkọ rẹ̀ wá. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n béèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í padà wá mọ́. Bí oyún bá dé, ọ̀nà kọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbà ṣẹ́ ẹ, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà, ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti ń bọ́.

Ní ti ẹ̀sìn, Bùhárì àti Múslímù gba ọ̀rọ̀ Jábìr wá pé àwọn Sàhábà ń da àtọ̀ síta nígbà tí Àlùkùránì ń sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́. Nínú másíhábì Málíkì tí àwọn àáfà wa ń kà, ọkọ kò gbọ́dọ̀ ṣe é láìgba àṣẹ ìyàwó. Ẹnu obìnrin ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Haráámù ni sìná, a kò sì ní dẹ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan á ní bí a bá fún ẹni tí kò lọ́kọ, a ti ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tó ń mu omi káún lóru, ilẹ̀kùn wo la tì fún un? Wàásù jẹ́ ti àáfà, kí wọ́n ṣe é dáadáa. Ìlera ni wọ́n gbé lé àwa àti nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá ọjà, ẹ fún àwọn ọmọ yín ní ìdajì ọjọ́ kan lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìdajì ọjọ́ mẹ́rin péré nìyẹn lọ́dún. Ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wá bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Àsàlátù, kí àwọn ọkùnrin sì jáde. Kí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ṣí ilé ìwòsàn kan, ó kéré tán, lọ́jọ́ Àìkú kan lóṣù. Mọ́sálásí tó bá fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ lórí èyí, kó ránṣẹ́ sí wa, a ó bá wọn kọ ọ́.